ÈRÈ OLÙKỌ́: ÌGBÉSÍ AYÉ SHEIKH ADAM ABDULLAH AL-ILORY



Ọ̀rọ̀ kan wà tí tọmọdé tàgbà mọ̀ ní ilẹ̀ wa nípa iṣẹ́ olùkọ́. Wọ́n ní ọ̀run ni èrè tíṣà wà. Ẹlòmíràn ń fi ọ̀rọ̀ náà tu tíṣà nínú, ẹlòmíràn sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ẹ ti rí i nílé pé bí ọmọ bá sọ pé iṣẹ́ olùkọ́ ni òun fẹ́ ṣe, bàbá á mi orí, ìyá á sì béèrè bóyá kò sí iṣẹ́ mìíràn mọ́. Bí ó bá wá jẹ́ pé ilé kéwú ni ọmọ náà ti fẹ́ kọ́ni, ọ̀rọ̀ á tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí èyí ni a ṣe mú ìtàn Sheikh Adam Abdullah Al-Ilory, olùdásílẹ̀ Markaz Agége, wá fún yín ní oṣù yìí. Wọ́n ṣe wáàsí, wọ́n kọ ìwé, wọ́n rin ìrìn àjò, ṣùgbọ́n iṣẹ́ olùkọ́ ni gbòǹgbò gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí wọ́n gbà pé ìkọ́ni jẹ́, kí a sì wo èrè tí wọ́n rí níbẹ̀.

ÌBÍ WỌN ÀTI ÀWỌN TÍ Ó KỌ́ WỌN

Ọdún 1917 ni a bí Sheikh Adam sí ìlú Wasa, ní ilẹ̀ Dahomey ìgbà náà, èyí tí à ń pè ní orílẹ̀-èdè Benin lónìí. Ọmọ Ìlọrin ni bàbá wọn, Abdul-Baqi. Ibẹ̀ ni orúkọ Al-Ilory ti wá, ìyẹn ni pé ẹni tí ó ti Ìlọrin wá. Ìyá wọn sì jẹ́ ọmọ Wasa níbẹ̀.

Bàbá wọn ni olùkọ́ wọn àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń lọ láti ọ̀dọ̀ ààfáà kan dé ọ̀dọ̀ òmíràn, gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn tí ń wá ìmọ̀ láyé ìgbà náà. Wọ́n kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Sheikh Salih ní Ìbàdàn. Wọ́n kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Sheikh Umar Agbaji, ọmọ Ìlọrin tí ó fi Èkó ṣe ibùgbé. Wọ́n tún kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Sheikh Adam Namaji, ọmọ Kano. Lórí ẹní, níwájú àwọn àgbà wọ̀nyí, ni wọ́n ti gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìmọ̀ wọn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ó ṣe pàtàkì fún ohun tí ó ń bọ̀ wá.

Ní ọdún 1946, wọ́n lọ sí ilẹ̀ Íjíbítì. Níbẹ̀ ni wọ́n ti rí Al-Azhar ní ìlú Káírò, ilé ẹ̀kọ́ tí ó ti wà láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún. Wọ́n rí i bí a ṣe pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí kíláàsì ní ìpele-ìpele, bí ìwé tí wọ́n máa kà lọ́dún yìí ṣe yàtọ̀ sí ti ọdún tí ń bọ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe ìdánwò, àti bí ẹni tí ó bá yege ṣe ń gba ìwé ẹ̀rí. Ẹ̀sìn kan náà ni, èdè Lárúbáwá kan náà ni, ṣùgbọ́n ètò rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n mọ̀ nílé. Ohun tí wọ́n rí yìí kò kúrò lọ́kàn wọn mọ́.

BÍ ILÉ KÉWÚ ṢE RÍ LÁYÉ ÀTIJỌ́

Kí a tó lè mọ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe, ó yẹ kí a mọ ohun tí wọ́n bá nílẹ̀. Nílé kéwú àtijọ́, ọmọ á mú wàláà rẹ̀, á jókòó síwájú ààfáà. Á kọ́kọ́ mọ àwọn lẹ́tà, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka Àlùkùránì láti àwọn súrà kéékèèké. Bí ó bá parí Àlùkùránì, wọ́n á ṣe wọlímọ̀tù fún un, àwọn òbí á sì pa ẹran. Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ síwájú ni yóò wá bẹ̀rẹ̀ tírà ìmọ̀. Ààfáà á ka gbólóhùn kan, á sọ ìtumọ̀ rẹ̀ ní Yorùbá ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ọmọ á sì máa tẹ̀ lé e. Kò sí gbèdéke ọdún. Ọmọ á máa bá ààfáà lọ sí oko, á máa pọn omi, á máa ṣẹ́ igi. Bí ó bá ṣe mọ́kàn sí i àti bí ààfáà bá ṣe ráyè sí ni yóò ṣe máa tẹ̀ síwájú.

Ètò yìí ní oore tirẹ̀. Òun ni ó tọ́jú ẹ̀sìn sí ilẹ̀ wa fún ọ̀pọ̀ ọdún kí Òyìnbó tó dé. Ó kọ́ ọmọ ní sùúrù àti ọ̀wọ̀ fún àgbà, ó sì ń jẹ́ kí ọmọ lè kó ohun tí ó kọ́ sórí. Ṣùgbọ́n ó ní àlébù. Ènìyàn lè lo ọ̀pọ̀ ọdún nídìí rẹ̀ kí ó má lè fi èdè Lárúbáwá kọ lẹ́tà kan ṣoṣo, kí ó má sì lè bá Lárúbáwá sọ̀rọ̀. Ó lè mọ ìtumọ̀ ìwé tí wọ́n kà fún un, ṣùgbọ́n bí o bá gbé òmíràn tí kò rí rí síwájú rẹ̀, ó di kí ó wá ẹni tí yóò tún kà á fún un.

Ní ìgbà kan náà, iléèwé àwọn ìjọ onígbàgbọ́ ti tàn káàkiri. Ọ̀pọ̀ òbí Mùsùlùmí ń bẹ̀rù pé bí ọmọ àwọn bá lọ síbẹ̀, orúkọ rẹ̀ á yí padà, ẹ̀sìn rẹ̀ á sì tẹ̀ lé e. Àwọn kan nínú àwọn Mùsùlùmí wá ọ̀nà àbáyọ. Ní ọdún 1923 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó, ẹgbẹ́ náà sì kọ́ àwọn iléèwé tí ọmọ Mùsùlùmí ti lè ka ìwé Òyìnbó láìsọ ẹ̀sìn rẹ̀ nù. Iṣẹ́ ńlá ni èyí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ṣẹ́ kù. Ta ni yóò tún ilé kéwú fúnra rẹ̀ ṣe?

MARKAZ

Sheikh Adam dáhùn ìbéèrè náà ní oṣù kẹrin ọdún 1952. Ní ìlú Abẹ́òkúta ni wọ́n ti dá ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀, ibùdó ìkọ́ni ní èdè Lárúbáwá àti ẹ̀kọ́ Ìsìláàmù, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní Markaz. Nígbà tí ó di ọdún 1955, wọ́n gbé e lọ sí Agége, ní ẹ̀bá Èkó, níbi tí ọkọ̀ ojú irin ń gbà kọjá tí èrò sì ń wọ́ sí láti ibi gbogbo.

Ẹ wo ọdún yẹn dáadáa. Oṣù kìíní ọdún 1955 náà ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní àwọn iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ń tú jáde lọ sí iléèwé Òyìnbó. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó ń pe àwọn ọ̀dọ́ pé kí wọ́n wá ka Lárúbáwá dà bí ẹni tí ń wa ọkọ̀ lòdì sí omi.

Ní Markaz, àga wà, tábìlì wà, pátákó dúdú àti ẹfun ìkọ̀wé sì wà. Àwọn ọmọ pín sí kíláàsì gẹ́gẹ́ bí ìmọ̀ wọn. Àkókò wà fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìdánwò wà, ìwé ẹ̀rí sì wà. Lẹ́yìn ìpele àkọ́kọ́, ọmọ á lọ sí ìpele tí wọ́n ń pè ní Idadi, lẹ́yìn náà á lọ sí ìpele òkè, èyí tí ó dà bí sẹ́kọ́ńdìrì àgbà. Yàtọ̀ sí Àlùkùránì, hàdíìsì àti òfin ẹ̀sìn, wọ́n ń kọ́ gírámà èdè Lárúbáwá, lítíréṣọ̀ rẹ̀, àti ìtàn. Àwọn olùkọ́ sì tún ń wá láti Íjíbítì láti kọ́ni níbẹ̀.

OHUN TÍ WỌ́N GBÀ PÉ ÌKỌ́NI JẸ́

Bí a bá wo iṣẹ́ wọn dáadáa, a óò rí ohun mẹ́rin tí wọ́n gbà gbọ́ nípa iṣẹ́ olùkọ́.

Èkíní, wọ́n gbà pé ìmọ̀ tí ọmọ kò lè lò kò tíì di tirẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe sọ èdè Lárúbáwá di èdè tí ọmọ ń fẹnu sọ, tí ó ń fi kọ̀wé, tí ó sì ń fi ronú. Ọmọ Markaz kò gbọdọ̀ dúró dìgbà tí ẹnìkan bá túmọ̀ ìwé fún un. Kí ó lè ṣí ìwé tí olùkọ́ rẹ̀ kò rí rí, kí ó sì yé e, ni ojúlówó ẹ̀rí pé wọ́n ti kọ́ ọ.

Èkejì, wọ́n gbà pé ọdún ayé ọmọ jẹ́ ohun tí a fi sí ìkáwọ́ olùkọ́. Òbí tí ó fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ kò fi ìgbà èwe rẹ̀ ta ọ́ lọ́rẹ. Ìdí nìyí tí kíláàsì, agogo àti ìdánwò fi ṣe pàtàkì sí wọn. Nínú ètò wọn, olùkọ́ gbọ́dọ̀ lè sọ ohun tí ọmọ mọ̀ ní ìparí ọdún tí kò mọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, wọ́n gbà pé olùkọ́ tí kò kàwé mọ́ ti fẹ̀yìn tì. Sheikh Adam kò fi ìkọ̀wé sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ń kọ́ni. Wọ́n kọ ìwé lórí ìtàn Ìsìláàmù ní ilẹ̀ Nàìjíríà, lórí ìtàn Nàìjíríà fúnra rẹ̀, lórí ìṣẹ̀dálẹ̀ àwọn Yorùbá, àti lórí ọ̀nà tí a gbà ń kọ́ èdè Lárúbáwá láyé Mùsùlùmí. Wọ́n ní ilé ìtẹ̀wé ní Markaz, kí ìwé má baà wọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Kò sí ẹni tí yóò jókòó sí Káírò tí yóò mọ ìtàn àwọn ààfáà ilẹ̀ wa ju ọmọ ilẹ̀ wa lọ. Wọ́n mọ èyí, wọ́n sì kọ ọ́ ní èdè tí gbogbo ayé Mùsùlùmí lè kà.

Ẹ̀kẹrin, wọ́n gbà pé a kì í fi ẹsẹ̀ ta àkàbà tí a fi gun òkè. Níbí ni a ti fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀.

ÀTAKÒ

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó gba ti Sheikh Adam. Àwọn kan nínú àwọn ààfáà rí àga àti pátákó dúdú, wọ́n ní àṣà àwọn onígbàgbọ́ ni wọ́n ń kó wọ inú ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn. Àwọn kan rò pé ẹni tí ó bá yí ọ̀nà ìkọ́ni àwọn àgbà padà ń fi àwọn àgbà náà wọ́lẹ̀ ni.

Ẹ wá wo bí Sheikh Adam ṣe dáhùn. Wọn kò fi pátákó sílẹ̀, wọn kò sì fi àwọn àgbà sílẹ̀. Wọ́n kọ odindi ìwé lórí àwọn ààfáà ńlá ìlú Ìlọrin, wọ́n tún kọ òmíràn lórí àwọn ààfáà ilẹ̀ Yorùbá. Nínú àwọn ìwé wọ̀nyí ni orúkọ àti iṣẹ́ ọ̀pọ̀ àwọn àgbà tí ó ti kọ́ni lórí ẹní wà títí dòní. Ọ̀pọ̀ wọn kò bá ti di ẹni ìgbàgbé. Ẹni tí wọ́n ní ó ń tàbùkù àwọn ààfáà àtijọ́ ni ó wá di ẹni tí ó kọ ìtàn wọn sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí a kò tíì bí.

Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí jẹ́ fún àwa ọ̀dọ́. Ó rọrùn fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́ jáde láti máa fi ojú pa àwọn ààfáà àdúgbò rẹ̀ rẹ́. Sheikh Adam mọ̀ ju ọ̀pọ̀ wa lọ, síbẹ̀ wọn kò gbàgbé pé lọ́wọ́ àwọn tí kò ní pátákó ni wọ́n ti mọ ìwé kà. Wọ́n tún ohun tí ó bàjẹ́ ṣe, wọ́n sì dúpẹ́ fún ohun tí ó dára.

Àtakò kejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ òòjọ́ ni. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìwé ẹ̀rí ilé kéwú kò tó fi wá iṣẹ́ ìjọba ní ilẹ̀ wa. Ọmọ lè lo ọdún púpọ̀ nídìí ìwé kí ó sì jáde kí wọ́n ní kò kàwé, nítorí pé kò ka ìwé Òyìnbó. Kò yẹ kí a fi èyí pamọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú yín. Iye tí àwọn ọmọ náà san nìyẹn, àwọn òbí wọn náà sì mọ̀ ọ́n lára.

Sheikh Adam kò fi wọ́n sílẹ̀ sínú ìṣòro yìí. Al-Azhar gba ìwé ẹ̀rí Markaz wọlé, ọ̀nà sì ṣí fún àwọn tí ó yege láti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga ní ilẹ̀ Íjíbítì àti ní àwọn ilẹ̀ Lárúbáwá mìíràn. Àwọn mìíràn fi ìwé Òyìnbó kún un, wọ́n sì wọ yunifásítì nílé. Nínú àwọn tí ó ti ẹnu ọ̀nà Markaz jáde, a rí àwọn tí ó di ọ̀jọ̀gbọ́n èdè Lárúbáwá ní àwọn yunifásítì ilẹ̀ wa.

ÈRÈ WỌN

Kí wá ni èrè wọn? Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí ojú ayé mọ̀. Ní ọdún 1989, ìjọba ilẹ̀ Íjíbítì, nígbà tí Hosni Mubarak jẹ́ Ààrẹ, fún Sheikh Adam ní àmì ẹ̀yẹ nítorí iṣẹ́ wọn lórí ìmọ̀ àti èdè Lárúbáwá. Ẹni tí èdè Lárúbáwá kì í ṣe èdè ìyá rẹ̀ ni àwọn onílé èdè náà dá lọ́lá bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí ni ó tóbi jù. Ọdún 1989 jẹ́ ọdún kẹtàdínlógójì tí Markaz ti wà. Bí ó bá jẹ́ pé àmì ẹ̀yẹ ni wọ́n ń dúró dè, iṣẹ́ náà ì bá ti sú wọn tipẹ́tipẹ́.

Èrè tí ó tóbi jù ni àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́ tí wọ́n sì di olùkọ́. Sheikh Murtada Abdus-Salam kẹ́kọ̀ọ́ ní Markaz, ó sì lọ dá ilé ẹ̀kọ́ Lárúbáwá sílẹ̀ ní Ẹlẹ́kùrọ́ ní ìlú Ìbàdàn, èyí tí ó fúnra rẹ̀ di orísun fún àwọn ààfáà àti oníwáàsí tí kò níye. Sheikh Mustafa Zughlul As-Sanusi náà kẹ́kọ̀ọ́ ní Markaz, ó sì dá ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ìsọlọ̀ ní Èkó. Àwọn wọ̀nyí náà kọ́ ọmọ, àwọn ọmọ wọn náà sì ń kọ́ ọmọ. Lónìí, ó ṣòro kí o tó rìn jìnnà ní ilẹ̀ Yorùbá kí o má kan ilé kéwú tí ó ní kíláàsì, ìdánwò àti ìwé ẹ̀rí. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ tí ó jókòó síbẹ̀ kò mọ ojú Sheikh Adam, síbẹ̀ ọmọ wọn ni wọ́n.

Ẹ kíyè sí i pé Sheikh Adam kò so àwọn ọmọ wọn mọ́lẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá ń bẹ̀rù pé ọmọ òun yóò mọ̀ ju òun lọ kò ní jẹ́ kí ọmọ náà dá dúró láéláé. Sheikh Adam kọ́ wọn kí wọ́n lè lọ. Bí ìyá ṣe ń yọ̀ nígbà tí ọmọ rẹ̀ bá da àtẹ tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́jà, bẹ́ẹ̀ ni ojúlówó olùkọ́ ń yọ̀ nígbà tí ọmọ rẹ̀ bá dá ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ sílẹ̀.

Sheikh Adam kú ní ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún ọdún 1992. Ogójì ọdún gbáko ni ó jẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ti dá Markaz sílẹ̀. Inú ọgbà Markaz ní Agége ni a sin wọ́n sí. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fi kọ́ wa, pé ìmọ̀ tí ó ń ṣe àwọn ènìyàn ní àǹfààní wà lára ohun tí kò ní jẹ́ kí iṣẹ́ rere ẹni já lẹ́yìn ikú. Nítorí náà, òótọ́ ni pé èrè olùkọ́ wà lọ́run. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́ kò sọ ọ́ tán. Ayé níbí ni èrè náà ti ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ọmọ bá ṣí ìwé tí ẹnikẹ́ni kò kà fún un rí, tí ó sì yé e.

Ẹ̀YIN NKỌ́?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́bìnrin, kì í ṣe àwọn ọkùnrin nìkan ni à ń bá sọ̀rọ̀. Sheikh Usman Dan Fodio, ẹni tí Sheikh Adam kọ ìwé nípa rẹ̀, ní ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Nana Asma'u, tí a bí ní ọdún 1793 tí ó sì kú ní ọdún 1864. Ó ń kọ̀wé ní èdè Lárúbáwá, Fulfulde àti Hausa. Ó kọ́ àwọn obìnrin, ó sì yan àwọn kan nínú wọn láti máa kọ́ àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wọn tí ó wà ní àwọn abúlé. Obìnrin tí ó bá fẹ́ kọ́ni ní ẹni tí yóò wò bí àwòkọ́ṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ti jẹ́ olùkọ́, bóyá ní ilé kéwú ìrọ̀lẹ́ ni o, bóyá ní sẹ́kọ́ńdìrì ìjọba ni o, a mọ̀ pé owó oṣù kì í tó, a mọ̀ pé àwọn òbí kì í dúpẹ́. A kò sọ pé kí ẹ má béèrè ẹ̀tọ́ yín, nítorí pé òṣìṣẹ́ tọ́ sí owó iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí à ń sọ ni pé kí ẹ má jẹ́ kí owó tí kò tó sọ yín di ẹni tí ń fi ọdún ayé ọmọ ọlọ́mọ ṣòfò. Ẹ múra iṣẹ́ yín sílẹ̀ kí ẹ tó wọ kíláàsì. Ẹ máa kàwé. Ẹ bọ̀wọ̀ fún àwọn tí ó kọ́ yín, kí ẹ sì tún ohun tí ó bá yẹ ní títúnṣe ṣe. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ kí wọ́n lè kọjá yín.

Kí Ọlọ́hun Ọba fi orí jin Sheikh Adam, kí Ó kẹ́ wọn, kí Ó gẹ̀ wọ́n, kí Ó sì fi Àlùjánnà ṣe ibùgbé wọn. Kí Ó san gbogbo olùkọ́ wa lẹ́san rere, àwọn tí ó wà láyé àti àwọn tí ó ti lọ. Kí Ó sì mú kí àwọn olùkọ́ rere jáde láti àárín wa. Àmín.